Àgbò Tó Jẹ Míkísà

Igbe Waliyat ló kó gbogbo agboolé jáde ní Àrẹ̀mọ. "Ẹ gbà mí o! Alága ti jẹ míkísà mi!"

Alága ni àgbò Iléyá tí ẹ̀gbọ́n Waliyat, Yésúfù ọlọ́kadà, so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Àgbò náà ti já okùn, ó wọ yàrá, ó fi ìwo ya páálí, ó sì ń jẹun lọ wọ̀mùwọ̀mù. Yésúfù fà á sẹ́yìn, ó gbé míkísà sókè, ó gbọ̀n ọ́n. Èèpo pákí gbígbẹ ló dà sílẹ̀ yàà, àbọ̀ bíríkì kan sì tẹ̀ lé e. Wọ́n tú sáńpúlà, èèpo pákí. Wọ́n tú kíbọ́ọ̀dù, èèpo pákí pẹ̀lú odindi bíríkì. Waliyat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Yẹtí ìyá mi," ló ń wí. "Mo ti fi yẹtí ìyá mi ra oúnjẹ àgbò!"

Yẹtí góòlù yẹn nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Waliyat, tó ń ránṣọ, tó sì ń lé orin fún ẹgbẹ́ alásàlátù, ló fẹ́ máa gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, kí orin tuntun rẹ̀ lè jáde lọ́jọ́ Iléyá. Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù Zakariyya lọ ní Bẹẹrẹ, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tí wọ́n ń pè ní Injinníà Sákà.

Sákà kò sáré tajà fún un. Ó kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní síńtì ló ń dá ohùn tí kò sí láyé sílẹ̀, fèrè tí ẹnikẹ́ni kò fọn, dùùrù tí kò ní okùn. Sáńpúlà ní tirẹ̀, bí èèyàn bá wúkọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, á máa wú ikọ́ náà lọ títí, kó máa bá orin lọ. Míkísà ló sì ń parí ìjà fún gbogbo wọn, kí ohùn kan má baà gun òmíràn lórí. Ó tẹ kíbọ́ọ̀dù, orin dún. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀, orin dákẹ́. "Ó ń mí ni," ni Sákà wí. Waliyat gbà. Sákà ní kó má tíì tan wọ́n o, ojú òkun ni wọ́n gbà dé, òtútù omi ṣì wà lára wọn, ó di ẹ̀yìn Jímọ̀. Ìyẹn náà, Waliyat gbà. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ti Sákà yọ yẹtí létí.

Yésúfù ta ọ̀kadà nípàá, Waliyat fò sẹ́yìn rẹ̀. Ní Bẹẹrẹ, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Mutmainnah, tó ń ta ike lódìkejì ọ̀nà, na ọwọ́: "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó páálí sínú Márúwá báyìí ni. Ọ̀nà Mápó ló gbà. Ẹ bá mi mú un, ó ti gba tèmi náà!"

Wọ́n bá a ní Ọjà'ba, níbi tí àwọn alágbò ti dí ọ̀nà pa. Bí Sákà ṣe rí wọn, ó ṣí fìlà, ó bọ́ sílẹ̀ nínú Márúwá, ó gbá páálí tó kù mọ́ra.

"Sákà! Gbé yẹtí wá!"

"Sákà kẹ̀? Táíwò mi lẹ̀ ń wá. Èmi ni Kẹ́hìndé."

Yésúfù dúró sán-ún. Ó wo ojú ọkùnrin náà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. "Ẹ má bínú, ẹ̀jìrẹ́," ló wí, ó sì tọwọ́ bàpò, torí ta ni í pàdé ìbejì tí kì í ta á lọ́rẹ? Waliyat fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ká ní Sákà bá tirẹ̀ lọ nígbà yẹn ni, ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n olójúkòkòrò kò lè kọ ẹ̀yìn sí ọrẹ. Ó gbé páálí sílẹ̀ kó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Àgbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya páálí fàà, èèpo pákí tú jáde, àwọn àgbò yòókù sì já okùn wọn tẹ̀ lé e. Sákà gun orí Márúwá. Sájẹ́ǹtì Grace, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọjà, dé ibẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ bá mi lé àwọn àgbò yìí ná, mà."

"Kí ló wà nínú páálí?"

"Irinṣẹ́ orin ni, mà."

"Irinṣẹ́ orin wo ni àgbò ń jẹ?"

Àgbò kan forí sọ Márúwá gbàà.

"Mo jẹ́wọ́! Mo jẹ́wọ́! Fóònù àpò mi ló ń kọrin, mà. Ike òfìfo ni gbogbo wọn. Iyẹ̀pẹ̀ ni mò ń rọ sínú wọn tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Èèpo pákí ló wá pọ̀ lọ́jà lásìkò Iléyá."

"Yẹtí mi dà?" ni Waliyat pariwo.

"Ó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi, mà."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Waliyat fi ọṣẹ fọ yẹtí, ó tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ Sákà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó fi í sétí, ó sì sunkún ayọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mutmainnah ti kó àwọn alásàlátù dé. Waliyat lé orin tuntun rẹ̀, wọ́n gbè é, kódà Sájẹ́ǹtì Grace, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ń gbè é láti ẹ̀yìn káńtà.

Ohùn kan jáde láti inú àtìmọ́lé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin elégbè, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ ti bo olórin mọ́lẹ̀."

"Dákẹ́ ńbẹ̀, olè!" ni gbogbo wọn pariwo.

Wọ́n tún kọ ọ́. Waliyat fetí sílẹ̀, ó dúró, ó gbọ́wọ́ sókè. Inú bí i láti sọ ọ́. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, tirẹ̀ sì yọ gedegbe. Ó dùn débi pé Sájẹ́ǹtì Grace yọ fóònù rẹ̀, ó gbà á sílẹ̀. Òun ni orin tí gbogbo Àrẹ̀mọ ń gbọ́ lọ́jọ́ Iléyá, láti ojúlé dé ojúlé. Bí èèyàn bá fetí sílẹ̀ dáadáa nígbà tí orin bá parí, yóò gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán tó ń wí pé: "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dáa báyìí."