Iná tó Sá Kúrò Lẹ́nu Fìtílà

"Ìyá Àdínnì ti dé o! Ẹ bá wọn gbé àga!"

Morọ́láyọ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀ bí Hikmat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Àǹtí Serifat ní Ṣómólú, tòun ti awò ojú tuntun tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Hikmat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, tó fi awò sọ ọ́ di ìyá àgbà, gún un bí abẹ́rẹ́. Ó yọ awò náà, ó jù ú sápò.

Ẹ̀wù ìdágbére kíláàsì wọn wà nílẹ̀, orúkọ oníkálukú ti wà lẹ́yìn tirẹ̀. Hikmat ló ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì pé òun ni yóò parí iṣẹ́ náà. Àǹtí rẹ̀ ti tẹ fìtílà pupa sí àyà ẹ̀wù gbogbo. Ó ku ọwọ́ iná aláwọ̀ ìyeyè tí yóò jókòó lẹ́nu fìtílà. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ibi tí wọn yóò gbé férémù, tí ọ̀dà ń gba inú rẹ̀ kọjá sára aṣọ, lé. Kò sí ẹ̀rọ tí ń tọ́ ọwọ́ sọ́nà.

"Hikmat, fi awò yẹn sójú, kí o sì kọ́kọ́ fi àlòkù bébà dánra wò dáadáa," ni Àǹtí Serifat wí kí ó tó lọ ra ọ̀dà ní Onípanu.

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀fẹ̀ Morọ́láyọ̀ kò jẹ́ kí ó ṣe é. Ojú lásán ló fi dánra wò. Ìgbà tí ó kan ẹ̀wù gan-an, tí fìtílà ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, ni ó tó gbé awò wọ̀. Ohun gbogbo mọ́ kedere. Ó gbé férémù kalẹ̀, ó fa ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀, ó ṣí i.

Iná ti sá kúrò lẹ́nu fìtílà, ó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yéè! Iná ń wá kẹrosíìnì lọ sí Bárígà!" Morọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀wù ta nìyẹn ná?"

"Tèmi ni. Panu mọ́!"

Ìtìjú mú Hikmat fa ẹ̀wù mìíràn yọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Iná tún sá. Wọ́n yí ẹ̀wù náà padà: orúkọ Morọ́láyọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín dá wáí.

Bí Àǹtí Serifat ti wọlé, Hikmat sunkún sí i lọ́rùn. "Àǹtí, awò yìí ń purọ́ fún mi. Kí ni n ó sọ fún kíláàsì?"

"Awò kì í purọ́. Ojú ló ń rí, ọwọ́ ló ń ṣe, ọpọlọ ni alárinà wọn. Ó ti mọ bí ojú rẹ àtijọ́ ṣe ń ròyìn. Awò sì ti sún ohun tí o ń rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó yí ìròyìn náà padà. Bí ọwọ́ bá ṣì í, tí ojú rí i, ọpọlọ á tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Àṣìṣe orí bébà ni olùkọ́ rẹ̀. Ìwọ lo lé olùkọ́ náà lọ. Ó yá, awò lójú! Ẹnu fìtílà ni kí o máa wò, má wo ìka rẹ."

Hikmat bẹ̀rẹ̀. Iná kọ́kọ́ ń ṣáko lórí bébà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sún mọ́ ilé, títí ó fi jókòó pẹ́kípẹ́kí. Ó yọ awò láti nu òógùn, ó na ọwọ́ sí omi inú ọ̀rá, ó gbá afẹ́fẹ́ mú.

"Ọwọ́ ti gbọ́ èdè awò, ó ti gbàgbé tilé!" ni Morọ́láyọ̀ wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ayọ̀ parí ẹ̀wù tó kù.

Lọ́jọ́ ìdágbére, gbogbo fìtílà ló ń tàn níbi tó yẹ, àfi ti ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n dúró níwájú.

"Iná tiwa ń rìnrìn àjò ni," Morọ́láyọ̀ ń sọ fún ẹni tó bá béèrè. "Ìyá Àdínnì, àbí mo parọ́?"

"O kò parọ́, ọmọ mi," ni Hikmat fèsì, ó sì ti awò rẹ̀ sókè lórí imú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ẹ̀rín ẹlẹ́yà bá lé kúrò nídìí ìdánrawò, ojú ọjà ni yóò ti ṣàṣìṣe.