Ẹja Gígùn Bí Apá Ìyàwó

Habibah gbé bàsíà omi tó fi fọ ẹja, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí òórùn, ó sì dà á gbuu sínú gọ́tà. Gọ́tà kígbe.

"Yéè! Mo gbé!"

Orí kan yọ jáde, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn níwájú. Abdulhakeem ni, ọmọ àdúgbò Òkèrèwè tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun ní yunifásítì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Kí lẹ wá ń wá nínú gọ́tà?"

"Òkun ni."

Habibah wo àdúgbò Sábó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Òkun? Ní Ifẹ̀?"

"Gọ́tà yìí ń ṣàn wọ odò, odò ń gbé e lọ sókun. Ọ̀rá tí wọ́n bá jù síbí, ẹja ló máa gbé e mì. Ẹ̀yin lẹ tún máa ta ẹja náà fún mi."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ wẹ̀ ná, ká tó sọ ti òkun."

Ó lọ wẹ̀, ó sì padà wá ra ẹja. Ó ń padà wá ṣáá, títí ìyá rẹ̀ fi búra pé òun ò fẹ́ rí ẹja mọ́. Kí ọdún tó yí, Habibah ti di "Àmọ̀kẹ́ mi", Abdulhakeem sì ti di "Hakeem onígọ́tà".

Ó wá ku bàbá Habibah, Àlájì Adéagbo, tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹja tútù.

"Ìwọ tó ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má ra ẹja tí kò tíì dàgbà, ìwọ lo tún fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Nílé wa ní Ẹdẹ, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ gbọ́dọ̀ gbé ẹja òkun kan wá, tó gùn tó apá ìyàwó, láti èjìká dé orí ìka. Èmi náà gbé e wá. Bí o ò bá rí i, má wulẹ̀ wá."

Àlájì mọ ohun tó ń ṣe. Ó pẹ́ tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú páálí ẹja kankan ní Sábó.

Hakeem forí lé etíkun Ìlàjẹ.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, àwọn ará Òkèrèwè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n gbé bàsíà kan síwájú Àlájì, aṣọ funfun lórí rẹ̀. Àlájì ṣí aṣọ. Bàsíà ṣófo.

"Ẹja àìrí lẹ gbé wá ni?"

"Mo rí i, Bàbá," ni Hakeem wí látorí ìdọ̀bálẹ̀. "Ó gùn ju apá Àmọ̀kẹ́ lọ. Mo ti rà á. Àmọ́ ẹyin kún inú rẹ̀, ó sì ṣì ń mí. Mo ní kí wọ́n dá a padà sómi."

Omijé bọ́ lójú Habibah. "Hakeem, torí ẹja?"

"Bí mo bá pa á, irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún ẹ látọjọ́ gọ́tà."

Àlájì dìde fùú, ó bọ́ síta. Àwọn ará Òkèrèwè bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Àlájì sì padà wọlé, kì í ṣe pẹ̀lú igi, ẹja kan ló gbé wá látinú fírísà. Ó tẹ́ ẹ lé apá ọmọ rẹ̀. Ẹja náà kò gùn ju láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgúnpá lọ.

"Èyí ló tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, èènì la fi ń ṣe irú èyí. Bí ọmọ tìrẹ bá dàgbà, kí lọkọ rẹ̀ máa gbé wá? Sàdín?"

Ó jókòó, ó fi aṣọ funfun bo bàsíà òfìfo náà padà.

"Mo gba ẹja mi. Inú òkun ni kó máa gbé. Ẹ dìde, ẹ̀yin àna mi."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n fẹ́ fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà ní Òkèrèwè, Hakeem gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Habibah fò sẹ́yìn.

"Omi kí nìyẹn?"

"Omi tó mọ́ ni, Àmọ̀kẹ́ mi. Èmi kì í da omi ẹja séèyàn lára."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀. Hakeem rọra da omi náà, ó ṣàn kọjá lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ gọ́tà, kò sì sí ọ̀rá kankan lọ́nà tó máa dá a dúró.