Ta Ló So Òkúta Mọ́ Ìkànnì Náà Lẹ́sẹ̀?

Ìkànnì náà kò kú. Ì bá kú, wọn ì bá mọ̀ pé òkú ni, kí wọ́n sin ín. Mímí ló ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Fínnífínní gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó. Ó tẹ orúkọ ìkànnì náà, ó sì dúró. Ojú fóònù funfun báláú. Ó wo fèrèsé. Ó wo ayùn tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Nígbà tó tún wo fóònù, funfun náà ló ṣì wà níbẹ̀.

"Báyìí ló ń ṣe fún àwọn oníbàárà yín," ó ní. "Wọ́n á kanlẹ̀kùn títí, wọ́n á bá tiwọn lọ."

Káfíńtà, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gbọn eruku igi kúrò lápá. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní àga kíkàn, òun náà ló sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ. Orí ìkànnì ayélujára náà ló ti ń tajà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ọjà dá wáí. Ẹbí ti fẹnu kò pé bí oníhòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń wá àga kò bá yan tirẹ̀ lónìí, wọn yóò ta ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó fẹ́ sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ibùdókọ̀. Ìpàdé di ìrọ̀lẹ́. Oníhòtẹ́ẹ̀lì sì ti pè láàárọ̀ pé òun ṣí ìkànnì, òun kò rí nǹkan kan. Ó ní òun yóò tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Káfíńtà ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ni ìkànnì náà ń sáré bí ẹtu. Ẹ̀gbọ́n òun máa ń ṣí i fún òun wò nígbàkígbà tó bá yà, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn oníbàárà ni kò dáa.

"Ẹni tó ń gbé inú ilé kì í kanlẹ̀kùn," Fínnífínní dá a lóhùn. Kọ̀ǹpútà náà ti tọ́jú ohun tó rí tẹ́lẹ̀ sínú ara rẹ̀, ó ní. Ohun àná ló ń fi hàn wọ́n.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó máa wá ohun tó ń fa ìkànnì sẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé bí Fínnífínní bá jókòó ti ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà, òkúta á fúnra rẹ̀ dìde jáde.

Ó ní kí wọ́n bá òun pe gbogbo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ìkànnì náà. Káfíńtà rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Oríkì bàbá àwọn ni, ó ní. Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà mọ̀ ọ́n. Onífótò mọ̀ ọ́n. Ará ilé wo ni kò mọ̀ ọ́n?

Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ló kọ́kọ́ dé. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti di ẹ̀sín mọ́ ọn lórí. Káfíńtà ti sọ fún un láàárọ̀ pé kó wá iṣẹ́ síbòmíì. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó búra pé ọjọ́ tí òun fa iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́, ńṣe ló ń fò.

"Ìgbín náà ń fò," Onífótò tó wọlé tẹ̀ lé e sọ, "bí ẹyẹ bá gbé e."

"Ìwọ lo gbé òkúta lé e lórí," Kíákíá ní. "Wo fótò rẹ."

Fínnífínní wò wọ́n. Lóòótọ́, fótò àga kọ̀ọ̀kan tóbi tó ohun tí wọ́n lè fi bo ògiri, wọ́n sì ń rọ́ ọ sínú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ẹ gbé agbádá wọ ọmọ ọwọ́," ó sọ fún Onífótò.

Onífótò fárígá, ó ní ṣé kí òun ya àga kó rí bí àpótí ọṣẹ ni. Fínnífínní kò bá a jà. Ó fún gbogbo fótò náà kéré, ó fi wọ́n hàn án, ojú Onífótò kò sì mọ èyí tó jẹ́ tàná yàtọ̀ sí tòní. Ó tún ṣí ìkànnì náà lórí fóònù.

Funfun báláú.

Onífótò mí kanlẹ̀. Òógùn bo Kíákíá.

Fínnífínní wá ní kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo ẹrù tí ojú ewé náà ń gbé wọlé bó ti ń ṣí. Fótò, ọ̀rọ̀, àwọ̀, wọ́n ń kọjá níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ohun kan tí kì í ṣe fótò tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni. Ó wúwo ju gbogbo àga ibẹ̀ lápapọ̀ lọ. Lókè ojú ewé, ẹnì kan ti kọ àṣẹ kékeré kan: kí ohunkóhun má ṣe hàn àfi bí ohùn yìí bá wọlé tán pátápátá. Kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti ní kí ohùn náà sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin ni orúkọ rẹ̀, láìsí àmì kankan lórí. Fínnífínní fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ègé pákó, ó sì nà án sí àwọn méjèèjì.

"Ogun," Kíákíá kà. "Ta ló ń gbógun tì wá?"

"Ogún ni," Onífótò ní. "Lẹ́yìn mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Èmi kì í fi lẹ́tà kọ nọ́ńbà sí iṣẹ́ mi."

Fínnífínní ki pákó náà bọ àpò. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, ó sì gbọ́ ohùn náà.

Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ayùn bá tilẹ̀ sùn, fáànù á máa ké, títì á máa kùn. Nínú èyí, kò sí fáànù, kò sí afẹ́fẹ́, ajá kan kò gbó lókèèrè. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fọ ariwo ayé kúrò lára rẹ̀. Kìkì èémí ènìyàn kan ló ń lọ tó ń bọ̀, nítòsí.

Kò sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Káfíńtà wọlé, wọ́n jókòó sórí àga tí ọkọ wọn kàn. Àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, tẹ̀ lé wọn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni gbogbo ìgboro mọ̀ ọ́n sí. Òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ ìròyìn kíkà lórí rédíò, ẹni tó bá sì gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á tún un ṣe fún un, ìbáà jẹ́ níbi òkú.

Kíákíá kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun kò ní ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Ọwọ́," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. "O ò ní ọwọ́ níbẹ̀."

Onífótò fi ọwọ́ bo ẹnu. Fínnífínní kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀.

Ó dìde. Ó ṣàlàyé fún wọn nípa ohùn tí wọ́n fi pamọ́ àti àṣẹ tí wọ́n kọ sókè rẹ̀. Ó ní ọ̀tá ìta ló ṣe é, kì í ṣe ará ilé.

"Orúkọ tó fún un ló tú u fó," ó ní. "Ogun. Ẹni tó pe nǹkan ní ogun, ìjà ló wá jà."

"Ogún," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní. "Ogún ni, kì í ṣe ogun. Bí èèyàn bá pè é báyẹn, ìtumọ̀ rẹ̀..."

Ó dúró.



"Ẹ̀gbọ́n," Fínnífínní ní, "ẹ ò tíì rí i. Inú àpò mi ló wà. Ta ló sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń pè é?"

Ó ní òun kàn méfò ni. Ó ní ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀ pé nọ́ńbà ni.

"Onífótò náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fojú rí lẹ́tà tí kò lámì, ó sì yan èyí tó wù ú. Ẹ̀yin gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó sì dùn yín pé mo ṣì í pè. Ẹni tó sọ nǹkan lórúkọ nìkan ló ń dùn báyẹn."

Ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kí ohùn náà jáde sí gbangba. Dídákẹ́ náà kún inú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, èémí.

Ojú Káfíńtà ló kọ́kọ́ yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ka ìròyìn nílé rédíò rí, níbi tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri tí ariwo ìta kì í wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ibi jókòó. Nígbà tó lanu, kì í ṣe ohùn rédíò ló jáde.

"Nígbà tí àìsàn Bàbá le, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, 'Ìwọ ti ní ohùn, ohùn ni ogún tìrẹ. Ṣọ́ọ̀bù, ti àbúrò rẹ ni.' Mo gbà. Ẹ wá wò ó, rédíò ti fi ọmọdé rọ́pò mi. Wọ́n ní ohùn mi ti gbó. Lọ́jọ́ tí mo lọ kó ẹrù mi, mo jókòó sídìí máíkì, mo ní kí n dágbére fáwọn tó ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Òun lẹ gbọ́ yẹn."

Màmá bi í léèrè ohun tí àbúrò rẹ̀ wá ṣe fún un. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá ta ṣọ́ọ̀bù, wọn á pín owó rẹ̀, òun náà á rí ogún jẹ. Ẹni tó ń bójú tó ìkànnì rédíò ló kọ́ òun ní àṣẹ yẹn. Òun purọ́ fún un pé òun ń wá bí orin ìkíni ṣe máa kọ́kọ́ wọlé. Òun sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kò ní tú àṣírí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan lòun ti ń ṣí i fún àbúrò òun wò.

Káfíńtà yíjú sí Kíákíá lákọ̀ọ́kọ́. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ogún Bàbá kọ́ lẹ fẹ́ pín. Bàbá ò kan ọ̀kankan nínú àwọn àga tó wà lórí ìkànnì yẹn. Èmi ni mo kàn wọ́n. Ẹ fọwọ́ ara yín yọ ọ́."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yọ àṣẹ náà, ó sì nu ohùn náà nù. Fínnífínní ṣí ìkànnì náà lórí fóònù rẹ̀, kó sì tó ṣẹ́jú, àga ti jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń dán.

Màmá gbójú sí ibòmíì títí àkọ́bí wọn fi dìde, tó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Fóònù Káfíńtà dún. Oníhòtẹ́ẹ̀lì ni. Ó ní òun ti rí àwọn àga náà wàyí, wọ́n sì wu òun, pé ta ló kàn wọ́n?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúró, ó di ilẹ̀kùn mú, ó na etí. Káfíńtà wò ó. Ó kẹ̀yìn sí i, ó gbé fóònù mọ́ ẹnu, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò fi lè gbọ́ ohun tó ń sọ.