Wáyà Tó Ṣófo

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é nírọ́. Mo wà nínú yàrá náà, ojú mi ló ṣe.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo ìlú. Wáyà ńlá méjì ló so wá mọ́ orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá. Ọ̀kan ń gbé iná ojoojúmọ́, ó sì máa ń kún dẹ́múdẹ́mú. Èkejì máa ń ṣófo. Wọ́n fi í sílẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wáyà ló ń jókòó ti mítà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ wọlé.

"Bàbá, àwọn oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀ fún wáyà tó ṣófo yìí o. Àbí ìyàwó tuntun lẹ fẹ́ gbé sórí ẹ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó wo ló máa gbà láti gbé orí wáyà? Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó ṣófo."

Kò pẹ́ sígbà náà, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná fún wa dákú. Ìdajì ìlú ṣókùnkùn. Fóònù dún. Bàbá gbé e, ó sì dìde dúró.

"Ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ti la inú ọmọ mi fún iṣẹ́ abẹ. Jẹnẹrétọ̀ wọn ò ṣiṣẹ́."

Ó pe àwọn ará òdìkejì ààlà pé kí wọ́n fi iná ránṣẹ́. Fóònù ń dún lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Kò sẹ́ni.

Ọwọ́ mítà mì.

Ó gbéra, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Iná ń wọlé. Ohùn rírẹlẹ̀ kan ń kùn lára ògiri. Ilé ìwòsàn tún pè: iná ti dé.

Nígbà náà ni obìnrin kan pè láti òdìkejì.

"Ẹ má bínú, bàbá. A ò lè ràn yín lọ́wọ́. Wáyà tó ṣófo yẹn ti já sódò láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wa wà lórí ẹ̀."

"Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀! Iná ń gba ibẹ̀ kọjá!"

"Iná kẹ̀? Ó ti já sí méjì. Òṣìṣẹ́ wa kan jókòó lé èyí tó kù létí odò, ó ń mu omi."

"Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀."

A gbọ́ wọn lórí fóònù: wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi Bàbá ṣẹ̀sín.

Ọ̀gá wo mítà. "Ẹ pa á, Bàbá. A ò mọ ẹni tó ni iná yìí."

Bàbá gbé ọwọ́ lé súwíìṣì. Kò tẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi wà lábẹ́ ẹ̀."

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn pè. Wọ́n ti ran inú ọmọ náà pọ̀. Ó ti lajú. Láìpẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná fún wa náà jí.

Ọwọ́ mítà wálẹ̀. Ó dé òdo. Kò dúró níbẹ̀. Ó kọjá sí apá kejì.

Iná tiwa ló ń jáde lọ báyìí, sórí wáyà tó já. Bàbá pe obìnrin yẹn. Ó ní kò sí ohun tó dé ọ̀dọ̀ àwọn.

"Ta ló wá ń gbà á?" ọ̀gá bèèrè. "Bàbá, ẹ pa á!"

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lára súwíìṣì.

"Bóyá wọn ò tíì ran inú ọmọ tiwọn pọ̀."

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mítà, ó sì jókòó tì í.