Ọjọ́bọ̀ Tí Àǹtí Ẹ̀rọ Pa Rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní onírọ́, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sùn, kò sẹ́ni tó mutí.

Àǹtí Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, torí òun ló ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ̀rín ò sì jìnnà sí i. Ní ọ́fíìsì wọn, kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà lọba. Gbogbo wọn ló jọ ń lò ó. Tí ìpàdé bá ti wọ inú rẹ̀, fóònù gbogbo wọn á dún, kò sì sí àwáwí.

Ìpàdé kan wá wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pè é. Ibi tó yẹ kí orúkọ olùpè wà ṣófo. Síbẹ̀, tí fóònù bá ti dún, wọ́n á wọ yàrá ìpàdé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn bí adìyẹ tó wọ ilé onílé. Akọ̀wé á ní, "Ta ló tiẹ̀ pè wá?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tú ká. Bí Àǹtí Ẹ̀rọ bá pa á rẹ́ láàárọ̀, á ti padà kó tó di ọ̀sán. Ó yẹ fóònù gbogbo wọn wò, bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń dá a padà. Kò rí nǹkan kan.

Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é.

"Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, Màámi."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ojúkojú ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó sọ ọ́, ohun tó o bá sì ní kí n ṣe ni n ó ṣe."

Àtìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá kò fi irú ohùn yẹn bá a sọ̀rọ̀ rí. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Inú rẹ̀ sì tún dùn, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kanra. Òru kan ṣoṣo ni ìyá máa sùn. Àbúrò Àǹtí Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ìyá ló ń bá a tọ́jú wọn.

Ní Ọjọ́rú, ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kó lè lọ pàdé ìyá rẹ̀. Ọ̀gá wo kàlẹ́ńdà.

"O ní ìpàdé lọ́sàn-án ọ̀la."

"Ìpàdé ta ni, sà?"

"Ó ṣáà wà níbẹ̀."

"Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Máa lọ sílé nìyẹn."

Inú bí i. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìkánjú ò jẹ́ kó rí i pé orí Ọjọ́bọ̀ náà gan-an lọwọ́ òun wà, kì í ṣe orí ìpàdé. Ẹ̀rọ bi í bóyá kóun pa á rẹ́ pátápátá.

"Pa á rẹ́ jàre!"

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Fáànù ń yí, kò dún. Akọ̀wé ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ohùn ò jáde. Kò pẹ́ ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ni ariwo bá padà.

"Ṣé o gbọ́ yẹn?"

"Gbọ́ kí ni?" Akọ̀wé ló fèsì.

Ìpàdé ti lọ. Àǹtí Ẹ̀rọ jó yí àga rẹ̀ ká. Ó délé, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá, ó sùn.

Ìró ṣíbí ló jí i. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ẹnì kan ń kọrin nílé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ni. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í tán.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi! Ẹ káàbọ̀! Ìgbà wo lẹ dé?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí! Ṣebí ìwọ lo wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ lánàá, tó ò jẹ́ kí n gbé báàgì ara mi?"

"Lánàá kẹ̀?"

Ó wo fóònù. Ọjọ́ Ẹtì. Nínú kàlẹ́ńdà, Ọjọ́rú fara kan Ẹtì, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ó pe Akọ̀wé.

"Ṣé mo wá síbi iṣẹ́ lánàá?"

"O wá, o sì fi wá sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ijó lo jó jáde. Kí ló dé?"

"Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Ìpàdé wo?"

Ó gé fóònù. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ bá mi sọ…"

"Ṣé a ò ti sọ ọ́ tán ni? A sunkún, a tún rẹ́rìn-ín." Ìyá gbá a mọ́ra. "Ọkàn mi ti balẹ̀, ọmọ mi. Bó o ṣe ní kí n ṣe é yẹn náà ni n ó ṣe é."

"Kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe?"

"Ẹ ò rí nǹkan! O kúkú sọ pé wàá bi mí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ lo mú mi búra. O ní tílẹ̀ bá mọ́, kódà kó jẹ́ ìwọ lo bi mí, n ò gbọdọ̀ sọ."

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Ìyá gbé báàgì, ó ń fò fẹ́rẹ́ bí ọmọge. Àǹtí Ẹ̀rọ sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, ó ń ké pé, "Ẹ má tíì ṣe é o!" Ìyá rò pé ó ń dágbére ni. Ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ọkọ̀ fi yà.

Lọ́sàn-án, fóònù dún lórí tábìlì. Ohùn ìyá ń dún gbinrin.

"Ọmọ mi, mo ti ṣe é o! Ó rí bó o ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti ṣe tìẹ?"