Ẹ Bi Í, Ó Wà Níwájú Yín

Bí ọjọ́ Ajé bá ti pé, ilé ìwòsàn a kún dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ńṣì mẹ́rin tó wà níta yàrá dókítà kì í gba èrò, àwọn tó kù a fara ti ògiri, ọmọ ọwọ́ a máa ké. Nọ́ọ̀sì a yọjú, a pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan, a tún wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ a dìde. Ẹni tí kò bá gbọ́, ó di ọ̀la.

Alágbàfọ̀ kan wà lórí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ńṣì náà lọ́jọ́ Ajé kan, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọmọbìnrin náà. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, nítorí bí ẹ bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì fún un pé kó bá yín lọ̀ ọ́, kí ẹ tó jókòó dáadáa, ó ti ká a lé yín lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àìsàn kan mú un tí etí rẹ̀ sì di pátápátá. Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti di ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í lórúkọ, bàbá ló ń dáhùn. Bí wọ́n bá bi í níbi tó ń dùn ún, bàbá náà ni. Kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ló pè é.

Ìṣẹ́jú gbọ́ èdè ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé àwọn adití dójú àmì. Bàbá kò gbọ́ ọ. Àpèjúwe ilé ni tirẹ̀: kó nawọ́ sí abọ́, kó na ìka méjì sókè, kó mi orí. Ohun tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré nìyẹn, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé níwọ̀nba.

Inú rírun ló gbé wọn wá lọ́jọ́ náà. Dókítà yẹ ọmọ wò, ó ní ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì kọ oògùn. Ó ṣàlàyé fún bàbá pé kí ọmọ lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, kó má fi ebi pa ara rẹ̀. Ó ní èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó má fẹnu kan oògùn ara ríro kankan, nítorí oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọgbẹ́ náà máa ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá ń mi orí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí aṣọ oníbàárà mẹ́ta wà nínú omi.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ìṣẹ́jú fọwọ́ kan bàbá léjìká, ó fi ojú bi í. Bàbá na ìka kan, ó tọ́ka sí oòrùn tó ń yọ. Ó tún na ìka kan, ó fi orí lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ọmọ tún bi í. Ó fi ọwọ́ ṣe ẹnu dókítà tó ń ṣí tó ń pa dé, tó ń ṣí tó ń pa dé. Bàbá gbọn ọwọ́ nù pé kò sí nǹkan míì. Wọ́n bá ọ̀nà ilé lọ.

Ẹni tó ń dúró lọ aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ṣàì dùn ún. Ìṣẹ́jú ti ń ra oògùn ara ríro ní kíóòsì ẹ̀gbẹ́ wọn tipẹ́. Ó ń lo ti dókítà bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ó sì ń lo ti ẹ̀yìn dídùn mọ́ ọn. Ta ló sọ fún un pé kó má lò ó? Ní ọjọ́ kejìlá, nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó di tábìlì mú, ó bì. Ẹ̀jẹ̀ ló bì. Kí bàbá tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sáàárín àwọn aṣọ tó ti ká sílẹ̀.

Ọlọ́run yọ ọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì lo ọjọ́ mẹ́fà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin méjì wá kí i. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà ilé ìwé àwọn adití. Etí tirẹ̀ ń gbọ́, ṣùgbọ́n adití ni ìyá tó bí i lọ́mọ, nítorí náà ó ti ń fi ọwọ́ tọrọ omi kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu tọrọ rẹ̀. Èkejì jẹ́ àgbà obìnrin tó wọ gíláàsì ńlá, adití lòun náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún aago ṣe ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó yọ̀ǹda ọdún kan láti wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ adití bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà sọ ọ́ lórúkọ lọ́wọ́: wọn a fi ìka méjì ṣe roboto sí ojú. Ìyẹn ni bàbá fi ń pè é ní Onígíláàsì.

Bàbá mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé wọn, Sátidé ni gbogbo ayé sì ń wá gba aṣọ. "Ìpàdé àwọn tó ń ju ọwọ́" ló ń pè é. Nínú oṣù mẹ́jọ tí obìnrin náà ti dé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló jẹ́ kí ọmọ lọ.

Tíṣà mú káàdì tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kà á, ó sì fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìṣẹ́jú, títí kan pé oògùn ara ríro ló mú kí ọgbẹ́ náà ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá, ó ń fi ọwọ́ kan sọ̀rọ̀, nítorí abẹ́rẹ́ omi wà lára èkejì. Tíṣà ń sọ ọ́ jáde.

"Ó ní, ṣé dókítà sọ ọ̀rọ̀ oògùn ara ríro yìí fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

Bàbá wolẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ìyá ọmọ náà, ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò sí ẹlòmíì pẹ̀lú wọn lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lè já a nírọ́ bó bá sẹ́.

"Ó sọ ọ́," ni bàbá wí.

Ìṣẹ́jú kò sunkún. Ó ní, "Mo rí ẹnu dókítà. Ó pẹ́ kó tó pa á dé. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní kò sí nǹkan míì."

Bàbá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà gùn, pé òun kò mọ àpèjúwe tí òun ì bá fi ṣe é, pé iṣẹ́ wà nílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó tẹ̀lé àwọn àlejò jáde. Ó bẹ Onígíláàsì pé kó bá àwọn lọ rí olórí nọ́ọ̀sì, kó sọ fún un pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣètò fún àwọn adití. Ó ní àjèjì ni obìnrin náà, ó kàwé, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀. Onígíláàsì fi ara balẹ̀ wo ọwọ́ tíṣà títí ọ̀rọ̀ fi parí, ó sì dáhùn.

"Oṣù mẹ́rin ló kù kí n padà sílé. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ṣe é nítorí mi, ọjọ́ tí mo bá wọkọ̀ ni wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Ọmọ yín ló ń gbé níbí. Ẹ jẹ́ kó máa wá sí ìpàdé, ó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Bàbá padà wọlé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, ó retí pé yóò bá òun bínú sí obìnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ń ka aṣọ ọmọ sínú báàgì, kò gbójú sókè.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ló sọ. "Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti ń fá tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Sátidé tí ara Ìṣẹ́jú yá, bàbá ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án, òun náà sì tẹ̀ lé e. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé ni. Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, wọ́n to àga ní roboto kí gbogbo wọn lè máa rí ọwọ́ ara wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí wọ́n fetí sí òun, ká kúkú ní kí wọ́n fojú sí òun, yóò pa iná yóò tún tàn án. Onígíláàsì jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn ọmọ yìí ló kọ́ ọ ní èdè ọwọ́ tibí, nítorí èyí tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Oṣù méjì ló fi darí ìpàdé. Látìgbà náà, wọ́n ń darí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kan.

Bàbá rí i tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín káfíńtà kan àti ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ, tí ojú gbogbo wọn sì yí sẹ́yìn kí àgbà bá wọn dá sí i. Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Kò ríran láìsí i, kò sì kánjú wọ̀ ọ́ padà. Àwọn ọmọ dúró, dúró, nígbà tó yá wọ́n parí ìjà wọn fúnra wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀.

Tíṣà ń tú ọ̀rọ̀ wọn fún un. Káfíńtà ní òun tò sórí ìlà ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n pe orúkọ òun, òun kò gbọ́, ilẹ̀ ṣú, òun lọ sílé. Aránṣọ ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló ń bá òun sọ̀rọ̀ fún nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ara obìnrin sì wà tí òun kò lè gbà kí ẹ̀gbọ́n òun gbọ́, nítorí náà òun dákẹ́ pẹ̀lú àìsàn òun. Ìṣẹ́jú sọ tirẹ̀. Kò sọ pé bàbá òun ló fà á. Ó sọ pé ìwé oògùn kò kan òun lọ́wọ́ rí.

Wọ́n pinnu láti lọ rí olórí nọ́ọ̀sì, wọ́n sì dìbò ẹni tó máa gbẹnu sọ fún wọn. Ìṣẹ́jú ní márùn-ún, káfíńtà ní mẹ́rin, wọ́n sì fi káfíńtà ṣe akọ̀wé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìṣẹ́jú dán ọ̀rọ̀ náà wò níwájú wọn, gbólóhùn kan, á wojú Onígíláàsì. Gbólóhùn kan, á tún wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wọ́ ìyẹn kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sílé ìwòsàn pé, mẹ́ta nínú wọn ló lọ pẹ̀lú tíṣà. Bàbá wà níbẹ̀ nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀ nílé ìwòsàn. Onígíláàsì kò lọ rárá. Olórí nọ́ọ̀sì gbà wọ́n tọ̀yàyà tọ̀yàyà, ó fún wọn ní àga, ó sì kọjú sí bàbá.

"Bàbá, kí ni àwọn ọmọ yìí ń fẹ́?"

Bàbá ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, bó ṣe máa ń wà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí ọwọ́ Ìṣẹ́jú tó dúró sínú afẹ́fẹ́, tí kò tíì sọ nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í," ni bàbá wí. "Ó wà níwájú yín."

Olórí nọ́ọ̀sì yí àga rẹ̀. Ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà síta dípò orúkọ tí wọ́n ń pè. Ó ní kí ìwé oògùn máa kan aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n ya oòrùn àti òṣùpá sí i fún ẹni tí kò lè kàwé dáadáa, kí wọ́n sì ya ohun tí kò gbọ́dọ̀ lò, kí wọ́n fa ìlà lé e. Ó ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹbí.

"Ara tó ń ṣàìsàn, tèmi ni," ló fi parí rẹ̀. "Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ máa wojú mi."

Olórí nọ́ọ̀sì kò ṣèlérí ohun tí kò lágbára rẹ̀. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ìwé alàwòrán tẹ̀lé e lóṣù kejì. Ti ògbufọ̀, ó ní àwọn ọ̀gá òun ló lè fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà, kò sí èsì. Wọ́n kọ òmíràn. Ẹ̀kẹta ni wọ́n dáhùn, Onígíláàsì sì ti padà sílé nígbà náà. Ọjọ́ tó lọ bọ́ sí Sátidé, àwọn ọmọ kò dá ìpàdé dúró nítorí rẹ̀. Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn ju ẹ̀bùn tí wọ́n fún un lọ. Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n gbà kí tíṣà máa wá ṣe ògbufọ̀ nílé ìwòsàn báyìí. Wọ́n ṣì ń jà fún àwọn ọjọ́ tó kù.

Bàbá náà ti ń kọ́ èdè ọwọ́. Ọwọ́ tó ti fún aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kò rọ̀ bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ bi káfíńtà pé ṣé ìyá rẹ̀ ti gbádùn, ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti gbẹ lórí okùn. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí Ìṣẹ́jú tún lọ fún àyẹ̀wò, bàbá jókòó síta, ọmọ àti tíṣà ló wọlé. Ó jáde, ara rẹ̀ yá gágá. Bàbá fi ọwọ́ rẹ̀ tó le bí igi béèrè ohun tí wọ́n bá a sọ. Ọmọ sọ fún un pé ọgbẹ́ náà ti ń jinná, pé kí òun máa jókòó lọ aṣọ dípò ìdúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi kún un pé, "Èyí tó kù, tèmi ni."

Bàbá mi orí. Wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí òbí tó jẹ́ adití, ẹ kọ́ èdè rẹ̀, ẹ má dúró lórí àpèjúwe ilé nìkan. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ sọ fún un, ẹ má gé e kúrú, pàápàá ohun tí wọ́n ní kó má ṣe. Bí kò bá yé yín bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bó bá ti dàgbà, ẹ jẹ́ kó yan ẹni tó fẹ́ kó túmọ̀ fún òun. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, adití ni kí ẹ kọjú sí, kì í ṣe ẹni tó mú un wá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ adití lọ́wọ́, ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ adití, ẹ wá ẹgbẹ́ yín kàn. Bí kò bá sí ní àdúgbò yín, ẹ̀yin mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ni ara ló ni ọ̀rọ̀ ara.