Níbo Lẹ Wà Nínú Ilé Ńlá Yìí?

Ọjà aṣọ alájà púpọ̀ tó wà ní ìlú Surabaya kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọdún Lebaran, ìyẹn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣọdún láìra aṣọ tuntun. Ratri, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, wá ra aṣọ bátíìkì tí yóò fi máa gbé ọmọ mọ́ra. Danang ọkọ rẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà.

"Mas Danang, ṣé ibi tá a gbà wọlé rèé?" Ratri bi ọkọ rẹ̀, tó máa ń pè ní Mas, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, nígbà tí wọ́n rajà tán.

"Fọkàn balẹ̀, Dik, aya mi. Ilé yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan kọjá. Ilẹ̀kùn mìíràn pa dé lẹ́yìn wọn, kò ṣeé ṣí mọ́. Iwájú wọn, kìkì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa ni. Kò sí olùtajà, kò sí ẹni tó ń nájà.

"Owó tó o mọ̀ yẹn mà ti sọnù o," Ratri fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí inú fi mú un gírí. Ó di ògiri mú. Ìrora náà lọ, ó tún padà, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi ọmọ ya sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mas, ọmọ yìí ń bọ̀! Kì í ṣe lọ́la o, nísinsìnyí ni!"

Danang wo máàpù inú fóònù rẹ̀. Máàpù ní àárín títì ni wọ́n wà. Ló bá pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára báàgì ọjà wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kinasih ló gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń rọbí nínú ọjà yín!"

"Nọ́ọ̀sì wa ti dìde. Níbo lẹ wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri funfun kan."

"Pak, ẹ̀yin ọ̀gá, gbogbo ògiri wa ló funfun. Àjà kelòó ni?"

"Ẹ̀kẹrin."

"Ẹ̀kẹta ni!" Ratri pariwo.

"Dik, ẹ̀kẹrin ni."

"Ta ló ń rọbí nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ má jà," ni Kinasih wí. "Máàpù ojú títì kì í sábà ríran dáadáa nínú ilé, òrùlé àti ògiri ń dí i lọ́wọ́. Mo ti fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà yóò ṣí. A ti ya àwòrán gbogbo kọ̀rọ̀ ọjà yìí sílẹ̀. Fóònù yín yóò fi ohun tó bá rí wé àwọn àwòrán wa, yóò sì mọ ibi tẹ́ ẹ dúró."

Danang kọjú fóònù sí ògiri. Fóònù ò dá nǹkan kan mọ̀. Ìpayà mú un, ó kọjú fóònù náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ojú mi ni àdírẹ́sì?" Ratri jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má ya èèyàn," Kinasih sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ má sì ya ògiri lásán. Ohun tí kò sí níbòmíràn ni kẹ́ ẹ wá: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, òpó aláwọ̀, igun àtẹ̀gùn. Ẹ rọra yí po."

Danang mí kanlẹ̀. Ó ya pátákó ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bọ́tìnnì, ó rọra yí, ó ya òpó aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù dún. Ilé kejì, àjà kejì, ìdí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn.

Tọkọtaya wo ara wọn. Wọn ò tilẹ̀ sí nínú ilé tí wọ́n rò pé àwọn wà! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn ló so ilé ọjà méjèèjì pọ̀.

"Mo ti rí yín," ni Kinasih wí. "Ẹ má kúrò níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàgà. Nọ́ọ̀sì ọjà náà, Bu Wigati, wọlé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó wo Ratri lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé kò sáyè láti gbé e lọ síbìkan mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n na aṣọ bí ògiri.

"Nduk, ọmọ mi, di ọwọ́ ọkọ rẹ mú. Ó yá, ti ọmọ síta! Lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Igbe ọmọ tuntun gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kan. Ọmọbìnrin làǹtìlanti ni. Danang bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lójú.

Wọ́n kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọjà, ariwo ayọ̀ sì ta láti àjà dé àjà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú aṣọ wá. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, ìpè ìrun ìrọ̀lẹ́ ti dún, gbogbo èèyàn sì ń ṣínu.

"Nduk, báwo lara?" Bu Wigati béèrè.

"Ebi ń pa mí. Ṣé kò sí kolak ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Abọ́ kolak mẹ́ta, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sè, ni wọ́n gbé fún un.

Ẹ̀yin ará wa, ilé ńlá máa ń dàrú mọ́ni lójú, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ ọjà, ilé ìwòsàn tàbí pápákọ̀ òfurufú ńlá, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ètò kámẹ́rà tó ń fi ibi téèyàn wà hàn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn. Bọ́rọ̀ bá di kánjúkánjú, ẹ ya pátákó, òpó àti àtẹ̀gùn. Ẹ má ya ojú ẹlòmíràn. Níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ẹ ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yín sétí ẹni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ dúró sójú kan. Ẹni tó dúró ni ìrànlọ́wọ́ ń bá.